Ẹ̀gbọ́n Mi ní Houston Fẹ́ Fi Owó Ti Olùdíje Lẹ́yìn ní Írẹ́lándì: Ṣé Òfin Gbà Á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Agbẹjọ́rò. Ìlú Drogheda ni mo ń gbé, pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo sì ní. Ọmọ ìjọ wa kan fẹ́ díje fún ipò kánsílọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Houston fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún kan dọ́là ràn án lọ́wọ́, ó ní kí owó náà gba àkáǹtì mi kọjá. Ìjọ náà fẹ́ fi nǹkan kún un. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùdíje mìíràn tí n kò mọ̀ rí kan ilẹ̀kùn mi, ó pè mí lórúkọ, nígbà tí ó di ọjọ́ kejì àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ dé orí fóònù mi. Níbo ni ó ti rí mi? — Ìyá Ìbejì

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí owó náà tó gbéra ní Houston. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó gba àkáǹtì yín kọjá. Òfin ìdìbò tí ilé aṣòfin Írẹ́lándì ṣe ní ọdún 1997, tí wọ́n sì ti tún ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, ń wo ohun méjì lára ẹni tí ó fẹ́ fi owó ti olóṣèlú lẹ́yìn: ìlú tí ó jẹ́ ọmọ rẹ̀, àti ibi tí ó ń gbé. Ẹni tí ó bá jẹ́ ọmọ onílẹ̀-èdè Írẹ́lándì lè fi owó ránṣẹ́ láti ibikíbi, ìbáà jẹ́ Houston, ìbáà jẹ́ Ìbàdàn. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀-èdè náà lè fúnni lówó pẹ̀lú, bí ó bá ṣáà ti ń gbé ní erékùṣù Írẹ́lándì, àti gúúsù àti àríwá rẹ̀. Ọ̀wọ́ kejì yìí ni ẹ wà. Ẹ̀gbọ́n yín kò sí nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì, àfi bí ó bá ti gba ìwé ọmọ onílẹ̀-èdè Írẹ́lándì nígbà kan rí.

Ọ̀rọ̀ pé kí owó gba ọwọ́ yín kọjá ni ó ń kọ mí lóminú jù, nítorí pé mo máa ń gbọ́ ọ láàrin àwa ará ilé, ẹni tí ó sì ń sọ ọ́ kì í ní èrò ibi lọ́kàn. Lọ́dọ̀ wa, owó ẹ̀gbọ́n ni owó àbúrò. Òfin kò mọ ìyẹn. Owó tí ó bá ti Houston wọlé lọ́jọ́ Ajé, tí ó sì ti àkáǹtì yín bọ́ sí ti olùdíje lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, owó Houston ni, orúkọ yín tí ó wà lára rẹ̀ kò sọ ọ́ di tiyín. Olùdíje ni yóò fọwọ́ sí ìwé ìbúra lórí owó tí ó gbà, nítorí náà ẹ óò kó òun náà sí wàhálà. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá ti dé ọwọ́ rẹ̀ láìmọ̀, ọjọ́ 14 péré ni òfin fún un láti dá a padà tàbí láti kó o fún àwọn aláṣẹ.

Èyí tí ẹ bá fẹ́ fún un láti inú owó ara yín kò gbọdọ̀ ju €1,000 lọ lọ́dún fún olùdíje kan. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú ni, òpin rẹ̀ jẹ́ €2,500. Bí ohun tí ẹ fún un bá ti kọjá €600, ó di dandan kí ó dárúkọ yín nínú àkọsílẹ̀ tí yóò fi sílẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò, àwọn ará ìlú sì lè kà á. Owó kéèṣì kò gbọdọ̀ ju €200 lọ, owó tí a kò mọ ẹni tí ó ni ín kò sì gbọdọ̀ ju €100 lọ. Láti ìgbà òfin ọdún 2022, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi Bitcoin ti di èèwọ̀ pátápátá. Ẹ jẹ́ kí tiyín gba bánkì, kí ẹ sì tọ́jú rìsíìtì rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yín lè bi yín pé, ṣebí Sinn Féin, ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó wà ní gúúsù àti àríwá Írẹ́lándì, ń kó owó jọ ní Amẹ́ríkà? Òótọ́ ni pé ẹgbẹ́ Friends of Sinn Féin ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1995, tí ó sì ń fi ìròyìn owó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n owó náà kò gbọdọ̀ wọ inú ìnáwó ẹgbẹ́ náà ní gúúsù. Àríwá wà lábẹ́ òfin Ìlú Ọba, èyí tí kò fi òpin sí iye tí ẹnì kan lè fún ẹgbẹ́ òṣèlú. Ìdí nìyí tí ọkùnrin ará England kan tí ó kú ní ọdún 2018 fi lè fi ogún tí ó ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ sílẹ̀ fún Sinn Féin yìí kan náà ní àríwá. Ká ní gúúsù ni owó yẹn lọ, €2,500 péré ni wọn ì bá lè gbà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ kan, erékùṣù kan, òfin méjì: lójú tèmi, ihò tí ó tóbi jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Kí ẹ̀gbọ́n yín má sì rò pé òun lè jókòó sí Houston kí òun ra ìpolówó sórí Facebook. Nígbà tí ìdìbò gbogbo ará ìlú lórí oyún ṣíṣẹ́ ń bọ̀ ní ọjọ́ 25 oṣù Kàrún ọdún 2018, owó òkèèrè ń wọ inú ìpolówó orí íntánẹ́ẹ̀tì tó bẹ́ẹ̀ tí Facebook fi dá ti àwọn ará òkèèrè dúró ní ọjọ́ 8 oṣù náà, tí Google sì dá gbogbo ìpolówó lórí ìdìbò náà dúró ní ọjọ́ kejì. Láti ọdún 2025 tí òfin tuntun àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn méjèèjì kò ta ìpolówó òṣèlú ní Yúróòpù mọ́.

Ní ti ìjọ, ẹ rọra ṣe. Ẹgbẹ́ tàbí ilé-iṣẹ́ tí ó bá fẹ́ fi ohun tí ó ju €200 lọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SIPO, àjọ tí ń bójú tó ìwà àwọn olóṣèlú, kí ó sì fi hàn pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìjọ wa ni ó ti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àánú, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ti olùdíje kankan lẹ́yìn. Kí olúkúlùkù fi orúkọ ara rẹ̀ fúnni. Ohun tí a sábà máa ń gbàgbé ni oúnjẹ: bí ìyá kan nínú ìjọ bá se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ìkòkò mẹ́ta fún ìpàdé olùdíje lọ́fẹ̀ẹ́, àárẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò sí nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n iye owó ìrẹsì, adìyẹ àti òróró wà nínú rẹ̀, bí ẹni pé ó kó owó náà lé e lọ́wọ́ ni.

Ó ku ti ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn yín. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń gbé ní Írẹ́lándì lè dìbò yan kánsílọ̀, àlejò tàbí onílé. Òun náà lè díje, gẹ́gẹ́ bí Rotimi Adebari, ọmọ ìpínlẹ̀ Ògùn, ṣe wọlé tí ó sì di olórí ìlú Portlaoise ní ọdún 2007. Orúkọ àti àdírẹ́sì yín wà nínú ìwé orúkọ olùdìbò, olùdíje sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹ̀dà rẹ̀. Nọ́ńbà PPS, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún yín, àti ọjọ́ ìbí tí ẹ kọ nígbà ìforúkọsílẹ̀ kò sí nínú ẹ̀dà yẹn. Nọ́ńbà fóònù náà kò sí níbẹ̀. Òfin gbà kí olùdíje kọ lẹ́tà sí yín láìjẹ́ pé ẹ yọ̀ǹda, ṣùgbọ́n kò gbà kí ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ tàbí ímeèlì ránṣẹ́ bí ẹ kò bá gbà á láàyè.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé etí ìjọba rí. Ní ọdún 2021, ìwé ìròyìn tú àṣírí Abú, àkójọ orúkọ olùdìbò tí Sinn Féin ń lò lórí kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ sí i, ẹgbẹ́ ńlá mẹ́rin jẹ́wọ́ pé àwọn ènìyàn àwọn ti lọ sí ẹnu ọ̀nà àwọn olùdìbò rí bí ẹni pé ilé-iṣẹ́ aṣèwádìí ni ó rán wọn. DPC, àjọ tí ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, yẹ ìwé àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú wò lọ́dún náà.

Ẹ ya fọ́tò àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn lójú fóònù yín kí ó tó sọnù, kí ẹ sì kọ̀wé sí olùdíje náà báyìí: “Ẹ fi gbogbo ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ nípa mi ránṣẹ́ sí mi, ẹ sọ ibi tí ẹ ti rí nọ́ńbà fóònù mi, kí ẹ sì pa á rẹ́.” Kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, ó sì gbọ́dọ̀ dáhùn láàrin oṣù kan, bí kò bá dáhùn, ẹ gbé e lọ bá DPC. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ bi akọ̀wé ìjọ yín bóyá ó ti fún ẹnikẹ́ni ní ìwé nọ́ńbà àwọn ọmọ ìjọ, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ti ń jò.