Ẹ jẹ́ kára gbóná ná kẹ́ ẹ tó máa fi ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní tẹ́ ẹ bá ti sáré lónìí, tó bá di ọ̀la itan yín á le gbagidi bí igi, ẹ wá ń béèrè bóyá dynamic stretching, ìyẹn kéèyàn máa mi ẹsẹ̀ láti fi na iṣan láìdúró sójú kan, máa tán an. Ó máa ṣèrànwọ́ o, ṣùgbọ́n ibi tẹ́ ẹ fọkàn sí yẹn kọ́ ló ti wúlò jù, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń na ara lódìlódì. Tí mo bá ti jí báyìí, pẹ̀lú ara tútù, màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, màá fọwọ́ kan ìka ẹsẹ̀, màá dúró síbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀, ó di eré nìyẹn. Lọ́jọ́ kan tí mo fẹ́ fi gbogbo agbára sáré, mo gbọ́ "tàù" lẹ́yìn itan, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń tiro. Nígbà tí mo padà, mo rí àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn, èmi náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fì í, láti orí ẹ̀ẹ̀kíní ni mo ti ń gbé e dé ibi tó ga jù, ibi kan náà ló tún fà. Ìyẹn ló dùn mí jù, torí mo rò pé mo ti wá ń ṣe é dáadáa.

Físíò (physiotherapist, ẹni tó ń fi eré ìmárale tọ́jú iṣan) tó tọ́jú mi ló ṣàlàyé pé iṣan fúnra ẹ̀ ló yẹ kó gbé ẹsẹ̀ lọ, kì í ṣe ká máa jù ú bíi pàṣán. Ní báyìí màá kọ́kọ́ rìn kánkán tàbí kí n sáré pẹ́lẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, títí òógùn á fi yọ díẹ̀. Màá wá di ògiri mú, màá fi ẹsẹ̀ kan síwá sẹ́yìn, kò ní ju orúnkún lọ lákọ̀ọ́kọ́, tó bá fi máa di ẹ̀ẹ̀kẹjọ, fúnra ẹ̀ ló ń sún mọ́ ìbàdí, 10 sí 12 lẹ́sẹ̀ kan ti tó. Lẹ́yìn ìyẹn mo máa ń gbé ìgbésẹ̀ gígùn tí orúnkún ẹ̀yìn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Kò burú kéèyàn na ara kó sì dúró o, ẹ kàn fi sí ìrọ̀lẹ́, torí tẹ́ ẹ bá na iṣan kan kọjá ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ tó fò tàbí sáré tete, agbára ẹ̀ máa ń dín kù díẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ itan tó ń le lọ́jọ́ kejì wá ńkọ́? Òótọ́ ni kẹ́ ẹ mọ̀: nínà ara, yálà ṣáájú tàbí lẹ́yìn eré, kò fi bẹ́ẹ̀ dín ìrora ọjọ́ kejì kù. Cochrane, àjọ tó ń yẹ àwọn ìwádìí ìṣègùn wò, kó ìwádìí lórí ẹ̀ jọ lọ́dún 2011, ohun tó ń dín kù kéré débi tẹ́ ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ìrora yẹn máa ń le jù láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkẹta, á sì lọ fúnra ẹ̀. Àmọ́ tí mo bá rìn, tí mo fi ẹsẹ̀ pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ara máa ń tú fún wákàtí bíi mélòó kan, ìyẹn gan-an sì ń jẹ́ kí n lè bọ́ sẹ́nu iṣẹ́. Oorun àti dídín eré sísá kù ló tún mi ṣe gan-an.

Ibi tó ti yà mí lẹ́nu ni ọrùn ẹsẹ̀. Mi ò lè lóṣòó kí gìgísẹ̀ mi má gbéra, mo ń dá ìbàdí lẹ́bi látìgbà yẹn, àṣé ọrùn ẹsẹ̀ ló dì. Mo kọjú sí ògiri, mo ń ti orúnkún lọ kan ògiri láìgbé gìgísẹ̀, mo ń fà á padà, 15 lẹ́sẹ̀ kan lójoojúmọ́, ó tó oṣù méjì kí n tó lóṣòó dáadáa.

Tó bá jẹ́ ojú kan ló ń gún yín, tó wú tàbí tó dúdú, ẹ má na ibẹ̀ rárá, ẹ lọ rí dókítà. Iwájú itan ló ń le yín ni àbí ẹ̀yìn?