T-shirt ń tà, owó kò kù sí mi lọ́wọ́

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù sórí Etsy, ọjà orí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo so ó mọ́ Printify, tó ń gbé iṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ẹ̀wù nígbà tí oníbàárà bá rà á. T-shirt tí a kọ orúkọ ìlú Yorùbá sí ni mò ń tà. $22 ni mò ń ta ọ̀kan, mi ò sì gba owó ìfiránṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Ilé iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ ń gba $11.50 lórí ẹ̀wù àti $4.75 lórí ìfiránṣẹ́. Ọjà ń lọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n tí oṣù bá parí, mi ò rí nǹkan gidi gbé dání. Àwọn méjì tún dá ẹ̀wù dúdú padà: wọ́n ní àmì orí lẹ́tà ò dúró síbi tó yẹ, etí ìkọ̀wé sì ní funfun wótòwótò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n sọ dísáìnì mi di igba kí ọjà lè yá. Ṣé kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì fi dísáìnì kankan kún un. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú owó ẹ̀wù kan ṣoṣo wò.

Nínú $22 yẹn, Etsy ń yọ 6.5%, ìyẹn $1.43. Owó gbígba káàdì fún ẹni tó ń tà láti Amẹ́ríkà jẹ́ 3% pẹ̀lú sẹ́ńtì 25, ìyẹn sẹ́ńtì 91. Sẹ́ńtì 20 tún wà fún gbígbé ọjà sórí àtẹ. Oṣù mẹ́rin ni sẹ́ńtì 20 yìí ń lò, ṣùgbọ́n bí ẹ̀wù kan bá ti tà, wọ́n á gba òmíràn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ $2.54. Ẹ ro $16.25 ti ilé iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó di $18.79. $3.21 ló kù fún yín. Owó káàdì á tiẹ̀ fi díẹ̀ ju bí mo ṣe kọ ọ́ lọ, torí orí gbogbo owó tí oníbàárà san ni wọ́n ti ń yọ ọ́, títí kan owó orí ọjà.

Ibi tí $3.21 náà ń gbà lọ ni Offsite Ads. Etsy ń gbé ọjà yín lọ polówó lórí Google, Facebook àtàwọn ibòmíì. Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ ìpolówó náà, tó sì ra nǹkan lọ́wọ́ yín láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, wọ́n á gba 15%. 15% nínú $22 jẹ́ $3.30. Ẹ̀wù tà, ẹ sì fi sẹ́ńtì 9 lé e. Ṣọ́ọ̀bù tí kò tíì ta $10,000 láàárín ọdún kan lè yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ètò yìí: ẹ lọ sí Shop Manager, Settings, Offsite Ads. Tí ẹ bá ti ta iye yẹn, tipátipá ni, ṣùgbọ́n ó máa wálẹ̀ sí 12%.

Ẹ tún yẹ ìwé owó Printify yín wò. Bí wọ́n bá ń gba owó orí lọ́wọ́ yín lórí ẹ̀wù tó ń lọ sí àdírẹ́sì ní Houston, 8.25% ni, ó sì tó $1.34 lórí $16.25. Kò yẹ kí ẹ máa san án, nítorí Etsy ti gba owó orí lọ́wọ́ ẹni tó rà á. Ẹ gba permit (ìwé àṣẹ) owó orí ọjà lọ́dọ̀ Comptroller, ọ́fíìsì tó ń gba owó orí ní ìpínlẹ̀ Texas, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ kún fọ́ọ̀mù 01-339, tó fi hàn pé ńṣe lẹ ń ra ẹ̀wù láti tún un tà, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí Printify. Ọ̀pọ̀ ló ń ta ọjà fún ọdún gbáko láìmọ̀ pé fọ́ọ̀mù kan báyìí wà.

Ní ti iye tí ẹ máa tà á, $27.99 ni kí ẹ fi sí, kí owó ìfiránṣẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Etsy á yọ $3.11, ilé iṣẹ́ á gba $16.25, $8.63 á kù. Bí ìpolówó bá tilẹ̀ gbé oníbàárà wá, $4.43 á ṣì wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀dínwó 20% tí gbogbo ayé ń lẹ̀ mọ́ ọjà: $22.39 ló máa sọ ọ́ dà, èrè yín á sì já sí $3.56. 10% tó. Ẹ wo iye 2XL àti 3XL lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pẹ̀lú, torí ilé iṣẹ́ ń gba owó lé e lórí wọn. Àwọn bàbá àti màmá wa tó ń ra ẹ̀wù yìí, 2XL lọ̀pọ̀ wọn ń wọ̀, ẹ̀yin lẹ ó sì máa san àlékún náà bí iye kan náà bá wà lórí gbogbo ìwọ̀n.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àmì, èyí tí mo kà sí ẹran inú iṣẹ́ yìí, torí àmì tó pé wà lára ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ra ẹ̀wù yín.

Lẹ́tà bíi ẹ, ọ, ṣ, à àti ó ní ààyè tiwọn nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, olúkúlùkù jẹ́ odindi kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀ àti ọ́ ò ní. Kọ̀ǹpútà á kọ ọ, yóò wá gbé àmì lé e lórí, fọ́ǹtì ló sì yẹ kó sọ ibi tí àmì náà máa dúró sí. Fọ́ǹtì tí wọn ò kọ́ ní èyí á ju àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún, tàbí kó gbé e gun lẹ́tà, tàbí kí ètò tí ẹ fi ń yàwòrán lọ yá lẹ́tà náà lára fọ́ǹtì mìíràn, kí lẹ́tà kan sì tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín àwọn tó sanra. Nítorí náà, ẹ má fi "Ìbàdàn" dán fọ́ǹtì wò, torí ì àti à kì í sábà dà á láàmú. "Ọ̀yọ́" ni kí ẹ tẹ̀. Nínú lẹ́tà mẹ́ta yẹn, méjì ló ń tú fọ́ǹtì tí kò pé fó, ti lẹ́tà ńlá iwájú ló sì máa ń burú jù. Ẹ tún tẹ "Ẹ̀gbá" àti "Ọ̀ṣun". Noto Sans, Noto Serif, Gentium àti Charis kì í já mi kulẹ̀ lórí wọn.

Bí ó bá jẹ́ fọ́ǹtì ológe kan tí kò mọ àmì lẹ fẹ́, ẹ kọ lẹ́tà níhòòhò, láìsí àmì, nínú Inkscape (ètò ìyàwòrán ọ̀fẹ́), ẹ lo Path, Object to Path, kó di àwòrán, kí ẹ wá fọwọ́ yín ya àmì orí àti ti abẹ́. Ẹ má jẹ́ kí àmì abẹ́ kéré ju mìlímítà 1.5 lọ lórí ẹ̀wù, ìyẹn nǹkan bíi píksẹ́lì 18 ní 300 DPI (píksẹ́lì 300 nínú íńṣì kan). Ìdí ni pé lórí ẹ̀wù dúdú, tàdáwà funfun ni ẹ̀rọ DTG, tó ń tẹ àwòrán tààrà sára aṣọ, ń kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀ kó tó tẹ àwọ̀ lé e, wọ́n sì máa ń gé etí funfun náà wọlé díẹ̀ kó má bàa yọ síta. Àmì tó bá ti kéré jù, gígé yẹn ló máa ń gbé e mì.

Tàdáwà funfun yìí kan náà ló fa funfun wótòwótò tí wọ́n rí. Níbikíbi tí píksẹ́lì kò bá hàn gbangba tí kò sì pòórá tán, bí òjìji, bí etí tó ń ṣá lọ, tàbí àjẹkù ẹ̀yìn àwòrán tí ẹ ní kí ẹ̀rọ yọ fún yín, ẹ̀rọ á tẹ́ funfun sábẹ́ rẹ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, òjìji ló jọ. Lára ẹ̀wù, ó di eruku. Nínú GIMP, ètò ọ̀fẹ́ míì fún àwòrán, ẹ lo Layer, Transparency, Threshold Alpha, kí gbogbo píksẹ́lì yálà wà tàbí kó má sí. Ẹ wá gbé pátákó dúdú sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ sí 300%, kí ẹ sì yí etí rẹ̀ ká wò. PNG tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ààyè ìtẹ̀ tó jẹ́ íńṣì 12 sí 16 gba píksẹ́lì 3600 × 4800.

Ẹ kíyè sí aṣọ náà pẹ̀lú. Òwú pátápátá ni ẹ̀wù Bella+Canvas 3001 tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, ṣùgbọ́n àwọn tó ń jẹ́ Heather ní polyester nínú, àwọ̀ ìtẹ̀ sì máa ń ṣá lórí wọn. Gildan 5000 nípọn jù ú lọ, ó sì fẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ọjà pé bí ẹ̀wù dúdú bá dé pẹ̀lú àpá onígun mẹ́rin tó ń rùn bíi fínígà, oògùn tí wọ́n fọ́n sí i kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ni, ìfọ̀ àkọ́kọ́ á mú un lọ. Gbólóhùn yẹn nìkan á dín ẹjọ́ kù.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ra àpẹẹrẹ méjì, dúdú kan, funfun kan, tí ẹ sì ti fọ̀ wọ́n léraléra, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín lè wá wúlò, àmọ́ kì í ṣe bó ṣe sọ ọ́. Ará Èkìtì ò ní ra Ìjẹ̀bú. Ètò ìkọ̀wé kan tó dáa, tí ẹ kàn ń pààrọ̀ orúkọ ìlú nínú rẹ̀, lè di ogójì ọjà láìjẹ́ pé ẹ ya àwòrán tuntun. Èyí tó bá ń tà nínú wọn ni kí ẹ gbé lọ sórí ẹ̀wù òtútù Gildan 18000, kí ó tó kan kọ́ọ̀bù. Tag (ọ̀rọ̀ ìwárí tí ẹ ń so mọ́ ọjà) mẹ́tàlá ni Etsy gbà, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 20 lọ. Ẹ lò wọ́n tán, kí ẹ sì kọ wọ́n bí olùrà ṣe ń tẹ̀ ẹ́ gan-an: "ekiti shirt", "yoruba gift", láìsí àmì. Orí ẹ̀wù ni àmì ń gbé. Bí ẹ bá fẹ́ lo gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì tó gbajúmọ̀, ẹ wá a lórí ìkànnì USPTO, ọ́fíìsì tó ń forúkọ àmì òwò sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ Class 25, ti aṣọ. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíì ti ni ín. Àmì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù àti orin olórin, ẹ má sún mọ́ ọn.

Bí ẹbí kan bá béèrè ogójì ẹ̀wù oníṣẹ́ kan náà fún òde, ẹ má gbé e gba Printify. Wọn ò ní dín owó kù tó bó ṣe yẹ. Ẹ lọ bá àwọn tó ń fi síkírínì tẹ aṣọ ní Houston: wọ́n á gba owó síkírínì lórí àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, iye ẹ̀wù á wá já wálẹ̀. Bí kò bá tó ogún, ẹ fi sílẹ̀ fún Printify.

Ní ti àwọn méjì tó dá ẹ̀wù padà, ẹ dá owó wọn padà láti àpò ara yín. Ilé iṣẹ́ ń pààrọ̀ ẹ̀wù tó ya tàbí tí wọ́n tẹ̀ ní wíwọ́, bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tó dé. Ṣùgbọ́n fáìlì yín ni wọ́n tẹ̀, bó ṣe wà gẹ́lẹ́ ni wọ́n sì tẹ̀ ẹ́.