"Àgbélébùú": kí ni ìtumọ̀ rẹ̀, báwo la sì ṣe ń fi igi ṣe é?

Ìbéèrè: Wọ́n ní "àgbélébùú" ni ohun tí èèyàn gbé tí wọ́n fi ń bú u. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Mo sì fẹ́ fọwọ́ ara mi ṣe ọ̀kan fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ ṣèrìbọmi. N kì í ṣe káfíńtà.

Ìdáhùn: Rárá o, kò sí èébú níbẹ̀. Ohùn ọ̀rọ̀ náà ló tú àṣírí. "Bú" ti èébú, ohùn òkè lásán ló ní. "Bùú" inú àgbélébùú ń gùnkè láti ìsàlẹ̀, bí a ṣe ń gbọ́ ọ nínú "dábùú" àti "níbùú lóòró". Ìbú ni, ìkejì òòró. Nígbà tí "lé" pàdé "ìbú", "ì" pa rẹ́, ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sórí "bú". À-gbé-lé-ìbú: ohun tí a gbé dábùú nǹkan mìíràn. Ìtumọ̀ ti èébú dùn lẹ́nu oníwàásù, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Orúkọ yìí náà lẹ ó fi kàn án: igi òòró kan, igi ìbú kan. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé ọ̀kan lé èkejì, wọ́n á gbá ìṣó kan sí i. Ìbú á yọ gọnbu síwájú, kò sì ní í pẹ́ tí á fi máa yí, torí ìṣó kan ò lè dá igi dúró. Ara igi méjèèjì ni ká gbẹ́ àyè sí, kí wọ́n gbé ara wọn mì.

Ẹ wá pákó igi tí wọ́n ń pè ní ọmọ, èyí tó ti gbẹ. Igi yìí fúyẹ́, ó sì gba ọ̀bẹ. Òun náà ni wọ́n fi ń gbẹ́ ìlù. Ìrókò lẹ́wà, àmọ́ ó le fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, eruku rẹ̀ sì ń ta imú. Igi ahùn rọ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀. Igi tútù ńkọ́? Bó bá gbẹ tán á sún kì, oríkèé á sì là.

Òòró, ínṣì 12. Ìbú, ínṣì 8. Kí méjèèjì fẹ̀ ní ínṣì 1½, kí wọ́n nípọn tó ínṣì ¾. (Pákó "ínṣì kan" tí wọ́n ń tà kì í pé ínṣì kan mọ́ tí wọ́n bá ti fá a, ẹ wọ̀n ọ́n.) Kí àárín ìbú bọ́ sí ínṣì 4 láti orí òòró, orí àti apá méjèèjì á wá gùn bákan náà. Ẹ má fi rúlà sàmì fífẹ̀ àyè tí ẹ máa gbẹ́. Ẹ gbé ìbú lé òòró gan-an, kí ẹ fi ṣóńṣó ọ̀bẹ fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Iwájú òòró lẹ ó gbẹ́, ẹ̀yìn ìbú lẹ ó gbẹ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìn ní ínṣì ⅜. Apá ibi tí ẹ máa gé dànù ni kí ayùn máa rìn. Bó bá jẹ ìlà náà, àyè á fẹ̀ jù, gúlúù kì í sì í dí àlàfo. Bó bá há, ẹ fi sándípépà ha á díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fòòlù lù ú wọlé, torí ìdajì igi ló kù níbẹ̀, á ya.

Gúlúù funfun díẹ̀ ti tó. Ẹ dè é pinpin di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá ṣàn jáde, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún kíá, torí ibi tí gúlúù bá gbẹ sí kì í mu fáníìṣì.

Ọnà ara rẹ̀ ló kù. Àwọn agbẹ́gilére wa pín iṣẹ́ sí mẹ́rin: ọnà lílé, tí a fi ń gé ìrísí jáde, àlétúnlé, tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan fi ń yọ, dídán, fínfín. Ayùn ti bá yín ṣe méjì àkọ́kọ́. Ẹ dán an kí ẹ tó fín in, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ sándípépà á jẹ etí ọnà náà. Kí fínfín má jìn ju ínṣì ⅛ lọ, pàápàá lójú oríkèé.

Ẹni tó bá ní ọnà Yorùbá kò yẹ ara àgbélébùú, ẹ rán an létí Ọyẹ́-Èkìtì, níbi tí Fadá Kevin Carroll àti Fadá Sean O'Mahony ti dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní 1947. George Bandele, ọmọ Àrèógun tí òun náà jẹ́ agbẹ́gilére, gbẹ́gi níbẹ̀, Lamidi Fakeye sì kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bandele. Mùsùlùmí ni Fakeye, ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ má fi àdín tàbí epo pupa pa á: kì í gbẹ, eruku ni yóò máa kó. Fáníìṣì fẹ́lẹ́ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì ló dáa, kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kí ẹ tó kun èkejì. Orúkọ ọmọ àti ọjọ́ ìrìbọmi, ẹ̀yìn ni kí ẹ fín in sí, kí fáníìṣì tó kan igi.