Ṣé kò yẹ kí páílọ́ọ̀tì kọ́kọ́ pariwo ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní Houston ń bọ̀ wálé lóṣù tó ń bọ̀, ni mo bá lọ jókòó ti fídíò bàálù, àfọwọ́fà mi nìyẹn. Mo rí ọ̀kan tí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jò tán lókè, máàskì ti já wálẹ̀ síwájú àwọn èèyàn, bàálù ti dorí kọ ìsàlẹ̀, síbẹ̀ páílọ́ọ̀tì ò tíì bá ẹnì kankan sọ̀rọ̀. Ṣé kò yẹ kó kọ́kọ́ ké sáwọn ará ilẹ̀ ni? Kí sì ni ti "Mayday" tí wọ́n ń pè lẹ́ẹ̀mẹta?
Ìyá Ìbejì, Mọ́níyà, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú àníyàn ọmọ. Páílọ́ọ̀tì yẹn ò ṣe nǹkan tó burú. Tí afẹ́fẹ́ bá jò tán ní 35,000 ẹsẹ̀ bàtà, làákàyè èèyàn lè má pé ìṣẹ́jú kan kó tó dàrú, á wá máa ṣe bí ẹni tó mutí yó, òun fúnra ẹ̀ ò sì ní mọ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́kọ́ fi máàskì tiwọn bojú, kí wọ́n tó wá já bàálù wálẹ̀ sí nǹkan bí 10,000 ẹsẹ̀ bàtà tí èèyàn ti lè mí fúnra ẹ̀, tí kò bá ṣe pé orí àwọn òkè ńláńlá ni wọ́n wà. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló ṣìkẹta, ṣé ará ilẹ̀ máa bá wọn di ìdarí mú ni?

Àmọ́ tó bá ti kan ẹnu, kí wọ́n là á ni o. Mayday lẹ́ẹ̀mẹta, orúkọ bàálù, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ibi tí wọ́n wà àti bí wọ́n ṣe ga tó. Wọ́n á tẹ 7700, nọ́ńbà pàjáwìrì, sórí transponder, ẹ̀rọ tó ń fi bàálù han rédà, kó lè hàn gbangba, torí bàálù mí-ìn lè wà lábẹ́ wọn tí kọ́ńtíróò, àwọn ará ilẹ̀ tó ń darí bàálù, gbọ́dọ̀ tètè lé kúrò lọ́nà. Tẹ́nì kankan ò bá dáhùn, 121.5, ìkànnì rédíò pàjáwìrì, wà níbẹ̀. Rédíò ń kùn, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kẹ́nì kan má baà ṣì í gbọ́. Èdè Faransé ni wọ́n ti mú un, "m'aidez", ẹ ràn mí lọ́wọ́, láyé ìgbà tí bàálù ń lọ ń bọ̀ láàárín Croydon ní Lọ́ńdọ̀nù àti Paris. Tọ́rọ̀ ò bá tíì le tó bẹ́ẹ̀, "Pan-pan" ni.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti bàálù Avianca 52, January 25, 1990, tó ń lọ sí New York láti Kòlóńbíà. Wọ́n ti dá wọn dúró lójú òfurufú ju wákàtí kan lọ, epo ń tán lọ, wọ́n gbìyànjú láti balẹ̀, kò ṣeé ṣe. Ọ̀gá páílọ́ọ̀tì ní kí igbákejì ẹ̀ sọ fún kọ́ńtíróò pé pàjáwìrì ni. Igbákejì yìí kọ́kọ́ dáhùn ìtọ́ni tí wọ́n fún un, ó wá fi kún un wẹ́rẹ́ pé epo àwọn ń tán lọ o, bí ẹni tí ń tọrọ omi mu. Kò pe Mayday, kò pe pàjáwìrì. Ọ̀gá tún bi í pé ṣó ti sọ fún wọn, ó ní òun ti sọ. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kú, bàálù já, 73 nínú èèyàn 158 ló sì bá a lọ.

Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fídíò yẹn rẹ́ kọ́mọ tó dé.