Ìbéèrè Yín: Orin Ìsìn Tí Mo Gbọ́ Lẹ́nu Ìrìn-àjò, Báwo Ni Yóò Ṣe Bọ́ Sórí Fèrè?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn o. Èmi ni mo ń darí ẹgbẹ́ onífèrè ṣọ́ọ̀ṣì wa. Nígbà tí mo lọ sí Jerúsálẹ́mù lọ́dún tó kọjá, mo gbọ́ orin àwọn àlùfáà Gíríìkì nínú Ṣọ́ọ̀ṣì Ibojì Mímọ́: ẹnì kan ń kọ ohùn òkè, àwọn yòókù sì di ohùn kan ṣoṣo mú nísàlẹ̀. Mo gbà á sórí fóònù mi. Àmọ́ gbogbo bí mo ṣe ń kọ ọ́ fún ẹgbẹ́ wa, bí orin máàṣì ló ń dún. Níbo ni mo ti ṣì í?
Olùdarí onífèrè, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ kú àbọ̀, ọ̀gá olùdarí. Mo gbà pé ẹ ti yára wá ìlù fún orin tí kò bá ìlù rìn. Ọ̀rọ̀ àdúrà ni orin ìsìn àwọn Gíríìkì ń tẹ̀ lé. Ibi tí gbólóhùn bá parí sí ni akọrin ti ń mí. Bí ẹ bá wá há a mọ́ inú ìlù mẹ́rin-mẹ́rin, kò sí bí kò ṣe ní di máàṣì. Àwa Yorùbá ló yẹ kí èyí tètè yé, nítorí a mọ bó ṣe ń rí nígbà tí ohùn orin òyìnbó bá yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ wa padà nínú ìwé orin. Ẹ wá ẹni tí yóò túmọ̀ àdúrà náà fún yín, kí ẹ sì tún orin orí fóònù yẹn gbọ́ láìkọ àmì orin kankan, kí ẹ kàn máa sàmì sí ibi tí akọrin ti mí.

Ohùn ìsàlẹ̀ tí kì í yẹ̀ yẹn, ìsọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ẹ gbé e fún tuba àti euphonium, àwọn fèrè ńlá tí ohùn wọn wà nísàlẹ̀. Kò sí afunfèrè tí èémí rẹ̀ lè gbé e dé òpin, nítorí náà ẹ kọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò ti mí sínú ìwé orin tirẹ̀, kí ó má ṣe bọ́ sí ibi kan náà pẹ̀lú ti ẹnì kejì rẹ̀, kí ẹni tó mí sì wọlé padà jẹ́jẹ́ débi pé etí kò ní mọ̀ pé ó ti jáde. Mo ti dúró níwájú ẹgbẹ́ kan tí gbogbo wọn mí lẹ́ẹ̀kan náà. Ńṣe ni orin náà dá, bí ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ.

Ẹ gbọ́ iṣẹ́ Alfred Reed, ọmọ Amẹ́ríkà tó ń kọ orin fún ẹgbẹ́ onífèrè, tí wọ́n ń pè ní Russian Christmas Music. Ọdún 1944 ni ó kọ ọ́, ọmọ ọdún 23 ni, nígbà tó wà nínú ẹgbẹ́ onífèrè àwọn ológun Amẹ́ríkà. Ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì Rọ́ṣíà kì í lo ohun èlò orin nínú ìsìn, ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọrin. Síbẹ̀, ẹni tó bá gbọ́ bí àwọn clarinet ṣe gbé orin Kérésì àtijọ́ kan wọlé níbẹ̀rẹ̀ yóò rò pé akọrin ló ń gbọ́. Percy Grainger, tí òun náà ń kọ orin sílẹ̀, ní tirẹ̀ kò kọ orin ìsìn sínú Lincolnshire Posy, iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹgbẹ́ onífèrè tó parí ní 1937, ṣùgbọ́n ó ti rìn káàkiri Lincolnshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1905 àti 1906, ó sì fi ẹ̀rọ gba ohùn àwọn àgbà tó ń kọ orin ìbílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó ń kọ ọ́ fún fèrè, kò tọ́ orin wọn sọ́nà: ibi tí akọrin bá ti fà á gùn, ó fà á gùn, níbì kan, olùdarí ló ń pinnu bí ohùn kọ̀ọ̀kan yóò ṣe pẹ́ tó.

Ní ti ìlù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì fi gángan sí i. Gángan ń sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yóò sì bo àdúrà náà mọ́lẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn àdúrà kan péré. Ní ìpàdé ìdánrawò, kí gbogbo ẹgbẹ́ gbé fèrè sílẹ̀, kí wọ́n fi ẹnu kọ ọ́ títí èémí wọn yóò fi bá ti àwọn ọ̀rọ̀ náà mu, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó gbé fèrè sẹ́nu.