Ṣé Ọ̀kan Náà Ni Lọ́jísítíìkì àti Supply Chain?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti jẹ́ alábòójútó lọ́jísítíìkì ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe ohun èlò iná mànàmáná. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n sọ ipò mi di alábòójútó supply chain, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ń ṣe kò yí padà rárá. Ṣé ọ̀kan náà ni méjèèjì, àbí ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ tí n kò mọ̀?

ÌDÁHÙN: Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀, ó sì tóbi. Supply chain ni gbogbo ètò tí ọjà ń gbà kọjá, láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pèsè ohun èlò títí dé ọwọ́ oníbàárà; lọ́jísítíìkì jẹ́ apá kan lára rẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀.

Lọ́jísítíìkì ni gbogbo ètò tí a ń ṣe kí ẹrù lè kúrò níbi tó wà, kó sì dé ibi tí wọ́n ti nílò rẹ̀ ní pípé, láìbàjẹ́, ní àsìkò, àti ní iye owó tí kò ní jẹ èrè tán. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, ilé ìkẹ́rùsí, dídì ẹrù, kíka ọjà tó wà nílẹ̀ àti gbígba èyí tí oníbàárà dá padà, abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Ṣùgbọ́n kí ẹrù kankan tó wà tí a ó gbé ni iṣẹ́ supply chain ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ta ni a ó ti máa ra ohun èlò? Ẹni mélòó ló yẹ kó máa pèsè ohun kan fún wa? Mélòó ni kí á ṣe, kí ni àwọn tó ń bá wa ṣòwò gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa bí ọjà wa ṣe ń tà, kí sì ni a ó ṣe bí ọ̀kan nínú wọn bá dédé dákẹ́?

Ọdún 1982 ni Keith Oliver, tó jẹ́ olùdámọ̀ràn fún àwọn ilé iṣẹ́, gbé orúkọ supply chain management síta. Ẹ̀yin nìkan kọ́ ni wọ́n sì pààrọ̀ orúkọ fún: ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà, tó ń jẹ́ Council of Logistics Management láti ọdún 1985, di Council of Supply Chain Management Professionals ní ọdún 2005.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹta, ọdún 2000 ni mo máa ń fi ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà. Àrá dá iná sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Philips kan ní ìlú Albuquerque, ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ṣíìpù inú fóònù. Kíá ni wọ́n pa iná náà, ṣùgbọ́n èéfín àti omi ti ba àwọn yàrá tí eruku bín-ín-tín kò gbọ́dọ̀ wọ̀ jẹ́. Nokia àti Ericsson, ilé iṣẹ́ méjì tó ń ṣe fóònù nígbà náà, ni wọ́n jọ ń ra ṣíìpù níbẹ̀. Nokia tètè fura, ó rán àwọn èèyàn rẹ̀ lọ bá Philips, ó sì wá ṣíìpù lọ síbòmíràn. Ericsson gbà pé ọ̀rọ̀ náà kò ní pẹ́ yanjú, nígbà tó sì máa mọ bó ṣe rinlẹ̀ tó, kò rí ẹlòmíràn tí yóò pèsè ṣíìpù náà fún un. Nǹkan bíi 400 mílíọ̀nù dọ́là ló pàdánù nínú ọjà tí ì bá tà. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọkọ̀ kankan tó pẹ́ lójú ọ̀nà, kò sì sí ẹrù tó sọnù. Kò sí bí awakọ̀ ṣe lè já fáfá tó tí yóò gbé ẹrù tí ẹnikẹ́ni kò ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n tún mú èyí tó sún mọ́ yín wá. Ká ní alátùntà tó máa ń ta páálí 100 lọ́sẹ̀ ta 120 lọ́sẹ̀ kan; ẹ̀rù à-ń-wá-ọjà-tì mú kí ó béèrè fún 140, ẹni tó ń kó ọjà fún un béèrè fún 180, ẹ̀yin sì ṣe 250. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, títà padà sí 100. Àwọn ọmọ iṣẹ́ yín ni yóò máa to páálí sí ọ̀nà àbákọjá nínú ilé ìkẹ́rùsí, àwọn ni wọn yóò sì bá wí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ṣẹ̀ náà kì í ṣe tiwọn. Ó dùn mí púpọ̀ nígbà tí mo bá rí irú èyí, nítorí pé bí ẹ̀yin àti alátùntà bá jọ ń wo àkọsílẹ̀ títà kan náà, ẹ kò ní ṣe ju ìwọ̀n lọ.

Nítorí náà, bí wọn kò bá tíì máa pè yín sí ìpàdé tí wọ́n ti ń yan àwọn tó ń pèsè ohun èlò, tí ẹ kò sì mọ iye tó tà lọ́wọ́ alátùntà, lọ́jísítíìkì ni ẹ ṣì ń ṣe. Ẹ gba àkọsílẹ̀ títà ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ka ìtajà, kí ẹ sì kọ orúkọ gbogbo ohun èlò tó jẹ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń pèsè rẹ̀ fún yín sílẹ̀. Ìwé méjèèjì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síwájú ọ̀gá yín.