Kí fóònù tó dé ni èdè ti ń kúrò lẹ́nu wa

Òkun o, àbúrò. O ní àwọn ọmọ rẹ l'Ékòó kò gbọ́ Yàgbà, ẹ̀ka èdè Yorùbá tí ìyá rẹ ń sọ n'Ísánlú ní Kogí, o wá ń rò ó pé kóo gba fóònù lọ́wọ́ wọn. Ohun tójú tèmi rí ni màá sọ.

Má di gbogbo ẹ̀bi ru fóònù. Kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní 1991, Kwara la wà, rédíò Ìlọrin la sì ń gbọ́. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé, ilé ẹni tó bá ní jẹnẹrétọ̀ ni gbogbo àdúgbò máa ń rọ́ sí. Ó dùn gan-an, àmọ́ ta ló sọ Yàgbà níbẹ̀? Àwa tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ yẹn la bẹ̀rẹ̀ sí í tijú ohùn ilé, tá à ń fi ti Ìbàdàn ṣe fáàrí. Kò sẹ́ni tó pariwo pé àṣà ń kú.

WhatsApp ìdílé ló dá ohùn Màmá padà sílé wa. Mo máa ń di fóònù mú, kí wọ́n pa àlọ́ sí i. Àfi bí ọmọ mi obìnrin ṣe tẹ ibi tí ohùn fi ń yára ní ìlọ́po méjì, ni Màmá bá ń ké bí ẹyẹ ẹ̀gà! Ó ní àlọ́ yẹn ti gùn jù. Mo gbọ́ ọ fúnra mi, kò parọ́. Gbogbo ibi tó yẹ ká gbe orin ni Màmá ti dákẹ́, tí wọ́n ń retí wa. Ewúrẹ́ nìkan ló ń dáhùn.

Fídíò kọ́ọ̀lù la wá ń ṣe báyìí, lálẹ́ Sunday. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á fà, ègbè Èkó á dé nígbà tí orin ti kọjá, Màmá á bú wọn, ẹ̀rín á sọ. Fi ọmọ kan tó gbọ́ èdè jókòó ti ìyá rẹ kó máa gbè é, àwọn tòkèèrè á tẹ̀ lé e. Àlọ́ kan ti tó lálẹ́. Ẹni tó wà nílé ni kóo ra dátà fún. Kí wọ́n gbé fóònù náà ti nǹkan o, torí tó bá dọ́wọ́ ìyá, etí ni wọ́n máa gbé e sí, etí lásán làwọn ọmọ á sì máa wò.